Ìsinmi ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú Màmá, Olúwa á gbé wọn dìde. O ní láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n ní Adó, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kó o máa tọ́jú ara rẹ, kò sì sẹ́ni tó sọ ìgbà tó o fẹ́ ráyè ṣe é. Mo tọ́jú Yèyé tèmi ní Ìkẹ̀rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó re ibi àgbà ń rè. Àyè yẹn ò ní ṣẹ́ kù fúnra rẹ̀ láé. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n kí ìwọ tó lè kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Má kàn ní "ẹ wá ràn mí lọ́wọ́." Wọ́n á fowó ránṣẹ́ láti Èkó, ó parí nìyẹn. Owó dáa, òun ló ń ra oògùn, àmọ́ owó kì í yí aláìsàn padà lóru. Dárúkọ ọjọ́ fún wọn: "Bùọ̀dá mi, láti alẹ́ Fúráìdé títí di ọ̀sán Sátidé, ẹ̀yin lẹ máa wà lọ́dọ̀ Màmá." Ẹni tí ò bá lè wá, kó sanwó ẹni tó máa wá. Opó kan ládùúgbò, tó ti tọ́jú ọkọ tiẹ̀ rí, la bẹ̀. Alẹ́ tó bá wà lọ́dọ̀ wa, mo máa ń sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Oorun ni mo fi ṣíwájú gbogbo ẹ̀. Ẹni tí ò lè yí ara rẹ̀, wọ́n máa ń yí i padà ní bíi wákàtí 2 síra kí egbò má bàa dá sí i lára, ẹni tó ń yí i ò sì ní sùn dọ́kàn. Ara àgbàlagbà ń fẹ́ oorun wákàtí 7 ó kéré tán. Tí kò bá rí i, ọjọ́ ń bọ̀ tó máa sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wá wo Yèyé nílé ló wo ojú mi, ó ní kí n na apá. Ó wé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, ó fẹ́ ẹ, ó dákẹ́, ó tún wé apá kejì. Ìfúnpá mi jẹ́ 160/100. Ti Yèyé láàárọ̀ ọjọ́ náà ò tó bẹ́ẹ̀! Tó bá ti ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kì í sì í sábà ro èèyàn lára kó tó ṣọṣẹ́. Lọ wọn tìẹ lọ́sẹ̀ yìí.

Jẹun kó o tó fún wọn lóúnjẹ. Mo mọ̀ pé ó ń tini lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn yìí bá dé ọ̀fun rẹ̀ kì í tètè jẹun tán: wàá gbé wọn jókòó dáadáa, wàá máa fi ṣíbí kékeré bù ú, wàá dúró kí wọ́n gbé e mì, wọ́n á sì wà ní ìjókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó má bàa gba ọ̀nà èémí. Kó o tó parí, ebi á ti kú mọ́ ẹ nínú.

Nírọ̀lẹ́, mo máa ń rìn lọ sí apá òkè Olósùnta, mo á sì padà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ 5 á fún ẹ ní 150 ìṣẹ́jú eré ìdárayá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré jù lọ́sẹ̀. Ìsọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mo dá a dúró. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ọ̀sán.

Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2 tí nǹkan kan ò wù ẹ́ mọ́, tí ẹkún kàn ń bọ́, lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì. Tó bá jẹ́ ikú lò ń rò, jọ̀ọ́, má dá nìkan wà, lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí wọ́n bá sì bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ, má ṣe lo oògùn Màmá, ì báà jẹ́ ìfúnpá yín bára mu. Dókítà ló máa mọ èyí tó bá ara tìẹ mu.