Ohun èlò fàdákà ìyá wa ti dúdú: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká tà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa ní Òkè-Àdó, a rí tíréè ńlá kan, ìkòkò tíì kan àti ṣíbí méjìlá nínú àpótí wọn. Tíréè náà ni wọ́n fi ta bàbá wa lọ́rẹ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orúkọ wọn sì wà lára rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti dúdú, àwọn ṣíbí sì ti hó lẹ́nu. Àbúrò mi ní kí a tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí ẹ tó dá àbúrò yín lóhùn, ẹ dojú wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n lù sí ìdí wọn. Bí ẹ bá rí EPNS, awọ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ àdàlù bàbà, síńkì àti níkẹ́ẹ̀lì, ọgbọ́n tí àwọn Elkington ti Birmingham gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1840. Ẹni tó ń ra irin àlòkù á gbé e lé ìwọ̀n bí bàbà lásán, nítorí fàdákà ara rẹ̀ kò tó ohun tí yóò sanwó fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí 925, tàbí àwòrán kìnnìún tó ń rìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fàdákà gidi. Ẹ má jẹ́ kí ó kúrò nílé kí alágbẹ̀dẹ fàdákà tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Dúdú tó dú kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́, ti ẹyin, ti àlùbọ́sà àti ti rọ́bà tí a fi ń di ṣíbí pọ̀ ló ń sọ ojú fàdákà di bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́ fọ́ìlì sínú abọ́ ike, ẹ gbé tíréè náà lé e kí ara wọn kanra, ẹ wọ́n sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, kí ẹ sì da omi gbígbóná lé e lórí. Ẹ ó gbọ́ òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́: imí-ọjọ́ náà ló ń kúrò lára fàdákà bọ́ sára fọ́ìlì. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ òwú nù ún gbẹ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi eérú tàbí kàǹkàn onírin kàn án. Obìnrin kan gbé irú tíréè yín wá bá mi ní Mọ́kọ́lá lẹ́yìn tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti fi kàǹkàn onírin fọ̀ ọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Mo fi èékánná wá orúkọ bàbá rẹ̀ kiri lójú tíréè náà, ìlà méjì péré ni mo fọwọ́ bà. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ tún fàdákà bo tiyín, nítorí wọn á kọ́kọ́ họ ojú rẹ̀ kó lè dán, orúkọ á sì bá a lọ.

Ti ṣíbí yàtọ̀. Ibi tó bá ti hó títí tí bàbà fi yọ kò yẹ kó máa wọnú ọbẹ̀ tòmátò tàbí omi ọsàn, torí ìkan inú wọn á máa yọ bàbà sínú oúnjẹ. Bí méjèèjìlá bá pé, tí ẹ sì fẹ́ máa fi wọ́n jẹun, ẹ fún oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n kó tún wọn bò. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ ilé, nítorí sáyánáìdì, tó jẹ́ májèlé, ló sábà máa ń wà nínú omi iṣẹ́ náà.

Bí ẹ bá rí EPBM ní ìdí ìkòkò tíì, awọ fàdákà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ irin tí òyìnbó ń pè ní Britannia metal; tánganran (tin) ló pọ̀ jù nínú irin náà, iná alágbẹ̀dẹ sì lè yọ́ ọ kí ojú ihò tó dí. Bó bá ń jò, èyí nìkan ni mo lè ní kí àbúrò yín tà.

Ẹ fọ tíréè náà ná, kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka orúkọ bàbá yín lójú rẹ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá gbé ìwọ̀n.