Òjò oṣù kẹwàá àti àwọn mọ́tò àtijọ́: ṣé ká fagi lé ìjáde wa ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí a fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ níbí ní Abẹ́òkúta. Òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá la fi ìpàdé ọdún wa sí. Mọ́tò bí ọgbọ̀n ló ń bọ̀ láti Èkó, Ìbàdàn àti ìlú wa: ìjàpá Volkswagen ló pọ̀ jù, Peugeot 504 ló tẹ̀ lé e, Benz mélòó kan àti Morris Minor kan wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, a fẹ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti Òkè-Mọ́sàn, ká gba Kútọ̀ lọ sí Olúmọ, ká sọ̀ kalẹ̀ gba Lafẹ́nwá, ká wá jẹun ní pápá kan. Òjò ọdún yìí ò dáwọ́ dúró. Alága ní a ti tẹ káàdì, kò sí àyípadà. Ṣé ká fagi lé e ni, àbí ọ̀nà wà?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú wàhálà ètò. Ẹ má fagi lé e, àmọ́ ẹ má ṣe é bí ẹ ṣe tò ó yẹn. Òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, kó tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹni tó bá fi ìpàdé sí oṣù kẹwàá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kó ti mọ̀ pé òjò máa wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ yanjú lọ́sẹ̀ yìí, ṣáájú kánópì àti ìrẹsì ọ̀fadà, ni ẹni kan ṣoṣo tó máa láṣẹ láti sọ pé "mọ́tò ò jáde mọ́". Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún irú mọ́tò báyìí ṣe, kí n sì máa tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Kí mọ́tò tó débi tó ti máa kú ni mo ti sábà máa ń rí wàhálà. Láàárọ̀ ni, tí gbogbo ènìyàn ti wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí òjò ń já, tí oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Bàbá kan tó wa Benz rẹ̀ láti Èkó á ní òun ò wá síbí wá jókòó, á sítáàtì, á lọ. Ta ló máa dá àgbà dúró? Tí ọ̀kan bá ti lọ, gbogbo wọn ti lọ nìyẹn.

Torí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí alága fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kà á létí gbogbo wọn lálẹ́ Fúráìdé. Ẹni tí ẹ máa fún láṣẹ náà, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ alága, kó má sì jẹ́ ẹni tó ní mọ́tò nínú ìtò. Ẹ fún un ní àmì mẹ́ta tí kò ní àríyànjiyàn nínú: bí NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, bá kìlọ̀ ìjì àti àrá fún àárọ̀ ọjọ́ náà, bí ẹni tó wà lójú pópó kò bá lè rí iná ẹ̀yìn mọ́tò kẹta tó wà níwájú rẹ̀, bí omi bá ti bo etí títì tí a ò rí ibi tó parí sí. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti ṣẹlẹ̀, kí mọ́tò dúró síbi tí wọ́n wà.

Ẹ gbé ìrìn náà kúrò lọ́sàn-án sí àárọ̀. Òjò tó ní ìjì nínú lákòókò yìí, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé lọ́pọ̀ ọjọ́. Tí ẹ bá jáde ní aago méje, ẹ ti lè parí kó tó di aago mẹ́wàá.

Ẹ yọ Lafẹ́nwá kúrò nínú ọ̀nà yín pátápátá. Odò Ògùn ló gba ibẹ̀ kọjá, ìdídò Ọ̀yàn sì wà lókè odò náà. Àkókò tí ẹ mú yìí gan-an ni omi máa ń pọ̀ jù, ìgbà náà ni wọ́n sì máa ń tú omi sílẹ̀ níbi ìdídò. Omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 ti ń kan abẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Omi tó ń ṣàn tó bá tó 30 lè gbé wọn lọ. Àwọn onìjàpá máa sọ fún yín pé tiwọn ń léfòó. Òótọ́ ni, ìjàpá máa ń léfòó fún ìgbà díẹ̀, torí abẹ́ rẹ̀ pa dáadáa. Àmọ́ mọ́tò tó ń léfòó kò ní sítíárìn mọ́, odò ló ń wà á.

Ní ti Olúmọ, ẹ má kó ọgbọ̀n mọ́tò gun òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín wọn sí márùn-ún-márùn-ún, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà láàárín wọn. Tí mọ́tò kan bá kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú òjò, mẹ́rin péré ló máa há sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn mọ́tò kọ̀ọ̀kan mú igi ìdènà táyà dání, torí háńdì bíréèkì àtijọ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé lórí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má sì gun àpáta nínú òjò, ó ń yọ̀.

Pápá yẹn ńkọ́? Ẹ gbàgbé rẹ̀. Amọ̀ pupa máa gbé táyà tín-ín-rín Morris mì, ìjì sì lè ṣí kánópì lé orí aláṣọ ẹgbẹ́. Ibi tí a dà kọnkéré sí, tó ní gbọ̀ngàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kẹ́ ẹ wá ní agbègbè Òkè-Mọ́sàn. Tí òjò bá dá ìrìn dúró, Ilé Ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ wà nítòsí, mùsíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ tí àlejò lè wò. Tàbí kí ẹ jókòó sínú gbọ̀ngàn, kí oníkálukú sọ ìtàn mọ́tò rẹ̀. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Èkó, ọdún náà ni 504 bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka àwo tó wà lára mọ́tò wọn, ká mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí àti èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Mo mọ àwọn tó máa jiyàn lórí ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní báyìí, àwọn mọ́tò fúnra wọn. Ẹ pe rewáyà kan àti fọkanáísà kan wá ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan kọjá lọ́wọ́ wọn. Wàhálà iná wáyà ló kọ́kọ́ máa ń pa mọ́tò àtijọ́ nínú òjò. Tí omi bá wọ ìdérí dísítíríbútọ̀ (ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì), tàbí tí wáyà pílọ́ọ̀gì bá ti ya, iná á máa sá lọ síbi tí kò yẹ, mọ́tò á máa wúkọ́, á sì kú. Kí wọ́n ṣí ìdérí náà, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti sán, kí wọ́n nù ún gbẹ. WD-40, èyí tí wọ́n ń fín láti inú agolo, wúlò níbẹ̀, lílé omi ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ní 1953. Ìjàpá tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú gba àkíyèsí jù, torí òjò máa ń gba ibẹ̀ kán sórí ẹ́ńjìnnì. Bátìrì ìjàpá wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn: tí irin àga bá kan orí rẹ̀, iná lè ṣẹ́. Kí wọ́n fi rọ́bà bò ó.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lápá kan. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ kì í rìn púpọ̀, eyín táyà wọn á ṣì dúró dáadáa nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ti le gan. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í di ojú títì tútù mú. Rọ́bà wáípà náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó kékeré ni.

Ẹ sọ fún àwọn awakọ̀ pé bíréèkì tó bá ti gba omi kò ní mú. Kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ títí á fi gbẹ. Kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀: tí mọ́tò iwájú bá kọjá ibi òpó kan, kí wọ́n lè ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí tiwọn tó débẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì nínú òjò bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, torí ẹni ẹ̀yìn ò ní mọ ọwọ́ tí ẹ fẹ́ yà sí. Iná iwájú ni kí wọ́n tàn. Bí gíláàsì bá ń ṣú, kí wọ́n ṣí fèrèsé díẹ̀, kí aṣọ gbígbẹ wà nítòsí.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá, FRSC àti TRACE (àwọn tó ń mójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn) ṣáájú. 122 ni nọ́ńbà pàjáwìrì FRSC. Kí gbogbo wọn mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì tááàdì-pátì kò ní san owó mọ́tò wọn tí omi bá bà á jẹ́. Bí mọ́tò bá sì kú sínú omi, kí wọ́n má ṣe sítáàtì rẹ̀ rárá. Tí omi bá ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìgbà tí wọ́n bá sítáàtì ni irin inú rẹ̀ máa tẹ̀. Kí wọ́n tì í jáde, kí wọ́n pe mẹkáníìkì.

Lálẹ́ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má fa háńdì bíréèkì sùn, ó lè lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù kó tó di àárọ̀. Jíà àti igi ìdènà tó. Àwọn ará Èkó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti kúrò kó tó di ọ̀sán Sọ́ńdè. Ní ti káàdì tí alága ń sọ, ọjọ́ àti ìlú ni ẹ tẹ̀ sórí rẹ̀. Aago àti ọ̀nà ṣeé fi WhatsApp yí padà lálẹ́ òní.