Kọ̀ǹpútà Inú Ilé àti Àyẹ̀wò Àrùn Jẹjẹrẹ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ìṣègùn ni mo ń kọ́. Olùkọ́ wa sọ pé wọ́n ti lo kọ̀ǹpútà àwọn ará ilé lásán ní Amẹ́ríkà láti fi ṣe àyẹ̀wò ẹran ara àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ. Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe, nígbà tí àwọn tó ni kọ̀ǹpútà náà kò mọ nǹkan kan nípa àìsàn?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. Iṣẹ́ náà ni wọ́n pè ní Help Defeat Cancer, èyí tí David Foran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cancer Institute of New Jersey bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2006, tí ó sì parí ní oṣù kẹrin ọdún 2007. Orí World Community Grid ni wọ́n ti ṣe é, ìyẹn ètò tí ilé iṣẹ́ IBM dá sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, kí ẹnikẹ́ni lè yọ̀ǹda agbára kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìwádìí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò bá lò ó.

Kí a tó mọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ní ọdún 1998, Juha Kononen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń yọ ẹran ara róbótó, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.6 péré, lára ẹran ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn, tí a ó sì tò wọ́n sínú ìda kan ṣoṣo. Bí a bá bẹ́ ìda náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, ẹran ara ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wà lójú kan náà, àwọ̀ kan náà ni a ó sì fi kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó wo gbogbo rẹ̀? Dókítà patọ́lọ́jì, ìyẹn dókítà tí ń fi máíkírósíkóòpù yẹ ẹran ara wò, a máa wo bí àwọ̀ náà ṣe ki tó àti iye sẹ́ẹ̀lì tí ó gbà á, a sì fi ojú díwọ̀n rẹ̀ sí 0 (kò gba àwọ̀), 1+, 2+ tàbí 3+ (ó gbà á jù lọ). Dókítà méjì tí wọ́n mọṣẹ́ dunjú lè wo gíláàsì kan náà kí ọ̀kan pè é ní 1+, kí èkejì pè é ní 2+. Ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Ìwọ̀n tí kì í yẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mú wá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò tí ó wà lórí rẹ̀ a máa ka bí àwọ̀ àti ìrísí ṣe tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àwòrán ẹran náà, a sì sọ ọ́ di nọ́ńbà tí a lè fi wé ti ẹlòmíràn. Àmọ́ àwòrán wọ̀nyí kò kéré rárá. Bí òró àti ìbú ẹran orí gíláàsì bá jẹ́ mìlímítà 15, tí àmì kékeré kọ̀ọ̀kan (pixel) nínú àwòrán sì dúró fún máíkírọ́nù 0.25 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nù ni mìlímítà kan), àmì bílíọ̀nù 3.6 ni yóò wà nínú àwòrán kan ṣoṣo, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 11 bí a kò bá fún un pọ̀. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé pín ni pé ẹran róbótó kan kò nílò èsì èkejì kí a tó lè wọ̀n ọ́n. Bí àwọn tó wá sí ọ̀wẹ̀ ṣe ń mú ebè kọ̀ọ̀kan láì dúró de ara wọn ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba tirẹ̀. Nítorí pé a kò mọ ipò tí kọ̀ǹpútà àjèjì wà, irú ètò báyìí a máa fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ju ẹyọ kan lọ, a ó sì fi èsì wọn wé ara wọn kí a tó gbà á wọlé. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kò dájọ́ kankan. Dókítà ni ó kọ́ ètò náà ní ohun tí yóò wá, òun náà ni ó sì ń túmọ̀ èsì.

Ìbéèrè: Ṣé èmi náà lè yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà mi láti Ìbàdàn níhìn-ín? Ṣé orúkọ àwọn aláìsàn kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Ìdáhùn: Help Defeat Cancer ti parí. World Community Grid fúnra rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ IBM ní ọdún 2021, ó bọ́ sọ́wọ́ Krembil Research Institute ní Toronto, ní Kánádà. Ní ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Mapping Cancer Markers lórí rẹ̀, èyí tí ń wá àmì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti ilé ẹyin obìnrin nínú détà tí a rí láti ara ẹran aláìsàn. Ètò tí a ń pè ní BOINC ni a fi ń kópa, ọ̀fẹ́ sì ni. Síbẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá ní iná tí kì í wọ́n yín lówó, ẹ lè ṣe é.

Ní ti orúkọ, wọn kì í fi í sí ara iṣẹ́ tí wọ́n ń pín. Ṣùgbọ́n yíyọ orúkọ nìkan kò tó, òfin ààbò détà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ gidigidi. Ọ̀nà mìíràn wà tí mo rò pé ó bá àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa mu jù: ètò kọ̀ǹpútà tí ń ka àwòrán ni yóò rìn lọ sí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, yóò kọ́ ẹ̀kọ́ lórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ohun tí ó kọ́ nìkan ni yóò sì jáde. Àwòrán aláìsàn kò ní kúrò nílé.

Ìbéèrè: Wọ́n gé ẹran lára ọmú ìyá mi, ó ti lé ní oṣù kan tí a kò rí èsì. Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rọ́pò dókítà?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run yóò fún Màmá ní àlàáfíà. Mo mọ̀ pé ìdúró yìí nira púpọ̀.

Nínú ìdíje kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tí wọ́n pè ní CAMELYON16, wọ́n fi gíláàsì 129 dán àwọn ètò kọ̀ǹpútà wò, bóyá jẹjẹrẹ ọmú ti ràn dé àwọn kókó abíyá. Èyí tí ó dára jù lọ nínú wọn borí dókítà 11 tí wọ́n ń fi àkókò há mọ́, ṣùgbọ́n òun àti dókítà tí a fún ní àkókò tó tẹ́ ẹ lọ́rùn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni wọ́n bi í. Dókítà tí ń wo ẹran Màmá ní ìbéèrè púpọ̀ láti dáhùn, òun ni yóò sì fọwọ́ sí ìwé náà.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń kìlọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò lè tún ẹran tó ti bàjẹ́ ṣe. Láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá gé e ni ó yẹ kí ó wọ inú fọ́málìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, kí ó sì lò tó wákàtí 6 ó kéré tán, kí ó má ju 72 lọ, kí àwọ̀ tó lè hàn dáadáa lára rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ láìfi oògùn sí i, ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà kò lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ lọ sí yàrá àyẹ̀wò náà fúnra yín, kí ẹ mú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ìwé Màmá lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Bí èsì bá jáde pé jẹjẹrẹ ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ER, PR àti HER2, ìyẹn àwọn èròjà mẹ́ta tí a ń wá lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, nítorí àwọn ni yóò sọ bóyá oògùn tamoxifen tàbí trastuzumab lè ṣiṣẹ́ fún un. Bí wọn kò bá ní àwọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ní kí wọ́n fi ìda tí ẹran náà wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí ó ní i, kí ẹ sì gba ìwé tí ó fi hàn pé wọ́n ti gbé e jáde.