Ìyá Alákàrà Kú Nínú Ìtàn Kan, Ó Ń Dín Àkàrà Nínú Òmíràn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Oǹdó ni mò ń gbé, kọ́míìkì ni mo ń yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn mẹ́ta ni mò ń gbé jáde: ọ̀kan lórí ọlọ́kadà kan ní Àkúrẹ́, ọ̀kan lórí ọdẹ kan ní Ìdànrè láyé àtijọ́, ọ̀kan lórí ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Ìyá Alákàrà máa ń yọjú nínú ti ọlọ́kadà àti ti ọmọ FUTA, àwọn òǹkàwé sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé ọkọ̀ ti pa ìyá yìí nínú ìtàn ọlọ́kadà, báwo ló ṣe tún ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà FUTA? Ojú tì mí. Ṣé kí n lọ tún ti àtijọ́ yà ni? Kí ni mo lè ṣe kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó ká ọ mọ́ ibẹ̀ ti ka ìtàn méjèèjì, ó sì kà á débi tó fi ń ṣọ́ ẹni tó kú àti ẹni tó wà láàyè. Irú òǹkàwé yẹn kì í pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Má tíì gbé gègé. Ìbéèrè kan ló ṣáájú: nínú ìtàn méjèèjì, èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? O gbà pé ìgbà kan náà ni wọ́n ń ṣẹlẹ̀ torí pé ọ̀sẹ̀ kan náà lo ń gbé wọn jáde. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Bí ọmọbìnrin rẹ bá ti wọ FUTA ní ọdún méjì ṣáájú ìjàǹbá ọkọ̀ yẹn, àṣìṣe ti tán nìyẹn. Kọ "ọdún méjì ṣáájú" sí igun àwòrán àkọ́kọ́ nínú abala tó ń bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkàwé ti mọ̀ pé ìyá yìí máa kú. Ọmọ yẹn ò mọ̀. Ìgbàkígbà tí ìyá bá fi àkàrà méjì ṣe èènì fún un, tó ní "wàá san ìyókù lọ́la", àyà òǹkàwé á já. Bí o bá lọ pa ikú yẹn rẹ́, gbogbo èyí lo gbé sọnù.

Ọmọ Òkè-Igbó kan, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938 (ọdún tí Superman kọ́kọ́ yọjú ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀), Àkàrà-ògùn ló ń ròyìn ìrìn-àjò ara rẹ̀. Nígbà tó di 1949, Igbó Olódùmarè jáde, kò sì tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn ló padà sí, sí ọ̀rọ̀ Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn. Ẹni tó ti mọ ọmọ ló wá ń tẹ̀lé bàbá wọ igbó. Ìwé àkọ́kọ́ dúró bó ṣe wà, síbẹ̀ ó di ohun mìíràn lójú ẹni tó bá tún un kà.

Ọ̀nà mìíràn wà o. Ní orílẹ̀-èdè Japan, Osamu Tezuka, ayàwòrán kọ́míìkì, máa ń lo àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ bí òṣèré: ojú tó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níhìn-ín lè ṣe olùkọ́ lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò sì bi í pé kí ló dé. Bàbá Sàlá tiwa náà nìyẹn: eré yí padà, Bàbá Sàlá ò yí padà, ohun tó dé bá a nínú eré àná kì í bá a wọ eré òní. Ọ̀nà gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó bá ọ mu mọ́. Òǹkàwé rẹ ti sunkún ìyá yìí. Bí o bá ní òṣèré lásán ni, wọ́n á ní o fi àwọn ṣeré ni.

Ọ̀rọ̀ kí ó má ṣẹlẹ̀ mọ́ wá kù. Ra ìwé kan, ìwé gidi, kí o fún ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan. Ọdún tí wọ́n bí i ni kí o kọ, má kọ iye ọdún tó jẹ́, torí iye ọdún ń yí, ọdún ìbí kì í yí. Kọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀: ẹni tó bá fi èdè Oǹdó dáhùn nínú ìtàn kan kò gbọdọ̀ di ará Ọ̀yọ́ nínú èkejì láìnídìí. Kọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún àwọ̀ ara àti aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Kọ àpá, kí o sì kọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni tàbí òsì. Mo ti jìyà èyí rí. Mo máa ń yí àwòrán sódì bíi ti inú dígí kí n lè rí ibi tó ti wọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé láti dá a padà, àpá ọdẹ kan ṣí láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí ọ̀tún fún abala mẹ́rin gbáko. Irú ìyẹn, lọ tún un yà ní ìdákẹ́jẹ́. Àpá kì í ṣe ikú.

Ohun tó ń da ìtàn rú jù ni ohun tí ẹ̀dá-ìtàn mọ̀. Bí ọlọ́kadà bá ti fi àṣírí kan han Ìyá Alákàrà, ìyá kò gbọdọ̀ la ẹnu sílẹ̀ nígbà tó bá tún gbọ́ ọ nínú ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ìtàn FUTA bá sì ṣáájú, kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n rárá, bó ti wù kí ó dùn ọ́ tó láti fi í sí i lẹ́nu. Nítorí náà, fa ìlà kan sí ojú ewé rẹ̀: ohun tó mọ̀, ẹni tó sọ ọ́ fún un, abala wo.

Ti ọdẹ Ìdànrè yẹn, ṣọ́ra fún ọdún. Náírà dé ní 1973. Bí ọdẹ rẹ bá ń ta ẹran ní 1968, pọ́n-ùn àti ṣílè ni. February 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, 1981 ni FUTA, àti títí di October 1996, abẹ́ Àkúrẹ́ ni Adó-Èkìtì wà. Fóònù alágbèéká tí gbogbo ayé wá ń gbé kiri, 2001 ni.

Má máa mú ìyá yìí wọ gbogbo ìtàn torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Yọ ọ́ kúrò nínú abala yẹn wò. Bí nǹkan kan ò bá ṣubú, kó jókòó sílé. Ẹni tí kò ka ti ọlọ́kadà rí sì gbọ́dọ̀ lè gbádùn ti FUTA láìbéèrè ohunkóhun. Bí ẹlòmíràn bá ń bá ọ kọ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ kọ ẹni tó ni Ìyá Alákàrà sílẹ̀ kí ẹ tó di ìlú-mọ̀ọ́ká.

Nísinsìnyí, ṣí àwọn abala FUTA tó ti jáde, kí o wá ohunkóhun tó lè tú ọdún fó: kàlẹ́ńdà lára ògiri, pátákó ìbò, owó tuntun lọ́wọ́ oníbàárà. Àwọn yẹn nìkan ni kí o tún yà.