Iyọ̀ Mi Ń Ṣomi, Oníbàárà Ní Mo Bomi Sí I

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àtìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ni iyọ̀ tí mò ń tà ti ń ṣomi, oníbàárà kan wá ní mo bomi sí i kó lè wúwo ni. Mi ò bomi sí nǹkankan o! Ọmọ mi tó wà ní SS2 tún ní nǹkan olóró méjì ló wà nínú iyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì, Kútọ̀, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìfaradà. Ojú ọjọ́ ló bomi sí i, kì í ṣe ẹ̀yin. Iyọ̀ tó mọ́ pátápátá kì í ṣomi àfi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kọjá nǹkan bíi 75 nínú 100, tójò bá sì ti ń rọ̀ l'Abẹ́òkúta yìí, afẹ́fẹ́ wa máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, pàápàá láàárọ̀ kùtù. Èròjà kan tó ń jẹ́ magnesium chloride tún wà ńbẹ̀, ó máa ń ṣẹ́ kù sínú iyọ̀ òkun tí wọn ò bá fọ̀ dáadáa, òun gan-an ni ọ̀mu, kékeré báyìí lára ẹ̀ á fa omi mọ́ra.

Ọmọ yín ò purọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Sodium àti chlorine ló para pọ̀ di iyọ̀. Mẹ́táàlì ni sodium, ó rọ̀ débi tí ọ̀bẹ lè gé e, àmọ́ tó bá kan omi, ó lè gbiná. Chlorine ní tiẹ̀, gáàsì tí wọ́n fi pa sójà lójú ogun lọ́dún 1915 ni. Tí wọ́n bá ti so pọ̀, oró yẹn ti tán nìyẹn. Iná ìdáná yín ò lè tú wọn ká, kódà iyọ̀ ò ní yọ́ lórí iná àfi tó bá gbóná dé 801 dígírì, iná mànàmáná ló ń tú u ká. Kọ́sítíìkì sódà táwọn aláró Ìtòkú ń lò sídìí àdìrẹ, omi iyọ̀ làwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń ki iná mànàmáná bọ̀ kí wọ́n tó rí i, iyọ̀ yìí náà sha!

Èyí tó ti ṣomi yẹn ò bàjẹ́, ẹ má dà á nù. Ẹ má sì sá a sóòrùn, torí áyódíìnì tí wọ́n fi sí i nítorí gẹ̀gẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin ló ń lé e lọ. Ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí tó le.

Àmọ́ o, omi tí iyọ̀ fà yẹn ń wúwo lórí òṣùwọ̀n lóòótọ́, so tó bá jẹ́ kìlò lẹ fi ń tà, ẹ fi ènì sí i fún oníbàárà yẹn jàre.