Dọ́là 20,000 fún sípíkà àti ámpílífáyà: ibo ni kí owó náà lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé tí mo ń kọ́ sí Ìbàdàn ti parí. Pálọ̀ rẹ̀ gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 4.5, ó sì ga ní mítà 3. Tàìlì ló wà nílẹ̀, POP ló wà lókè. Mo ti ya dọ́là 20,000 sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tí n ó fi máa gbọ́ orin: jùjú, àpàlà, jáàsì àti orin ìyìn. Àbúrò mi tó wà ní Houston ti rí ámpílífáyà ńlá kan tó jẹ́ dọ́là 12,000, ó ní òun lè fi ránṣẹ́. Ṣé kó rà á? Báwo ni kí n ṣe pín owó náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó dáwọ́ dúró ná. Sípíkà àti pálọ̀ ló ń pinnu ohun tí etí yín máa gbọ́. Ámpílífáyà là ń rà gbẹ̀yìn, nígbà tí a bá ti mọ ohun tí sípíkà ń béèrè. Ámpílífáyà méjì tí wọ́n ṣe dáadáa, tí agbára wọn tó, tí a sì mú ìró wọn dọ́gba, etí kì í sábà mọ ìyàtọ̀ wọn. Ti sípíkà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí mo ṣe máa pín in nìyí: dọ́là 11,000 fún sípíkà, 3,000 fún subwoofer méjì (sípíkà tó ń gbé bass nìkan), 2,500 fún ámpílífáyà, 2,000 fún àtúnṣe pálọ̀, 1,000 fún ọ̀rọ̀ iná. Wáyà àti máíkì ìwọ̀n, èyí tí a fi ń wọn ìró yàrá, ló ni 500 tó kù.

Ẹ jẹ́ ká ti pálọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró sí àárín rẹ̀ kí àga tó wọlé, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa gbọ́ ìró kan tó ń ta láti ògiri dé ògiri kó tó kú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa fa ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gùn títí ọ̀rọ̀ inú orin á fi dàrú, torí ògiri sìmẹ́ǹtì, tàìlì àti gíláàsì kì í gba ìró mọ́ra, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn sáàárín sípíkà àti àga, kí ẹ fi kọ́tìnì tó wúwo sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó síbi tí ẹ ó ti máa gbọ́ orin, kí ẹnì kan máa gbé dígí lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí ni kí káfíńtà gbé pánẹ́ẹ̀lì kọ́: férémù igi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 120, rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe) tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 nínú rẹ̀, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sì wà láàárín òun àti ògiri. Aṣọ tí ẹ máa fi bò ó, ẹ kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu kí ẹ fẹ́ ẹ. Bí èémí bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó dára. Àdìrẹ olówùú máa ń ṣe é dáadáa. Fóòmù tín-ín-rín tó dà bíi kírétì ẹyin kì í mú ju ìró tín-ín-rín lọ, bass á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni.

Bass gan-an ló le jù. Gbogbo yàrá ló ní ìró tó máa ń gbé ga ju àwọn yòókù lọ. Láti mọ tiyín, ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá pín 345, ìyẹn iye mítà tí ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún fífẹ̀ àti gíga náà. Mítà 6 fún wa ní nǹkan bíi 29 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 4.5 fún wa ní 38 Hz, 3 fún wa ní 57 Hz. Wàhálà wà níbẹ̀, torí pálọ̀ yín gùn ní ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ gẹ́lẹ́, ìró kejì ti gígùn náà tún bọ́ sí 57. Méjì pàdé lójú kan. Okùn A lórí gìtá bass wà ní 55 Hz. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta okùn yẹn, pálọ̀ á kún, àwo á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ okùn D tó tẹ̀ lé e á dún ní ìwọ̀nba. Kò sí sípíkà olówó iyebíye tó lè wo àrùn yìí sàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra subwoofer méjì. Ẹ gbé ọ̀kan sí àárín ògiri iwájú, kí èkejì wà ní àárín ògiri ẹ̀yìn. Wọ́n á mú kí ti 29 àti ti 38 rọlẹ̀ gan-an. Ti 57 kò ní lọ, equalizer, ohun tó ń gbé ìró kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sílẹ̀, la ó fi gé e ní dB 4 sí 6 (dB ni ìwọ̀n bí ìró ṣe ń pariwo tó). Ohun tó bá yọ sókè ni kẹ́ ẹ gé, ẹ má gbìyànjú láti dí kòtò. Níbi tí ìró ti pa ara wọn, agbára yòówù tí ẹ bá dà síbẹ̀, òfò ni.

Nípa sípíkà, ẹ béèrè àwòrán ìwọ̀n rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spinorama, tó ń fi ìró iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn, kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Ìwádìí onímọ̀ ìró Floyd Toole ní Kánádà, àti lẹ́yìn náà ní ilé iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí wọ́n bá fi aṣọ bo sípíkà lójú àwọn tó ń gbọ́ ọ, èyí tí ìlà rẹ̀ tẹ́jú níwájú, tí ìró ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí gegele, ni ọ̀pọ̀ máa ń yàn. Ẹ tún wo etí woofer, ìyẹn ojú sípíkà tó ń gbé bass: kó jẹ́ rọ́bà. Ti fóòmù máa ń jẹrà nínú ooru àti ọ̀rinrin wa. Bí ẹ bá mú èyí tí ámpílífáyà wà nínú rẹ̀, bíi Genelec 8361A tí wọ́n ń ṣe ní Finland, ọ̀rọ̀ ámpílífáyà parí nìyẹn.

Bí kì í bá ṣe irú rẹ̀, ẹ ṣírò agbára ámpílífáyà báyìí. dB tí wọ́n kọ sínú ìwé sípíkà ni ìró tí wáàtì 1 ń mú jáde ní mítà 1. Ká ní ó jẹ́ 87. Ní mítà 3 tí ẹ jókòó sí, bíi 5 á lọ nínú rẹ̀, ó ku 82. Ẹ lè máa gbọ́ orin ní 85, ṣùgbọ́n ìlù á máa fò tó 20 ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn 105. dB 23 tó wà láàárín méjèèjì ń fẹ́ wáàtì 200. dB 3 kọ̀ọ̀kan sì ń sọ wáàtì di ìlọ́po méjì: sípíkà 90 á ní 100 tó, sípíkà 84 á béèrè 400.

Ẹ má fi ohm tí wọ́n kọ sára sípíkà tàn ara yín jẹ: ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà ni, bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń fà lára ámpílífáyà ṣe ń pọ̀ tó. 8 ohm ni wọ́n kọ sára sípíkà Bowers & Wilkins 802 D4 (owó rẹ̀ ju tiyín lọ, àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe), àmọ́ ó ń sọ̀kalẹ̀ dé 3. Nítorí náà, ẹ wo wáàtì ámpílífáyà ní 4 ohm pẹ̀lú. Ámpílífáyà Benchmark AHB2 ń fúnni ní wáàtì 100 ní 8 ohm, 190 ní 4. Èyí tó bá jẹ́ 100 ní 8 tó wá jẹ́ 120 péré ní 4, agbára rẹ̀ kò dé ìdí. Bí a bá sì fi agídí yí i sókè kọjá agbára rẹ̀, á máa gé orí ìró, tweeter, ojú sípíkà kékeré tó ń gbé ìró tín-ín-rín, ló sì máa kọ́kọ́ jó.

Ti Houston wá ńkọ́? Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 V ní 60 Hz, tiwa jẹ́ 230 V ní 50 Hz. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà, fíúsì tàbí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á lọ. Stepdown á gbé fóltì wálẹ̀, àmọ́ kì í yí 50 padà sí 60, tiransifọ́mà inú ẹ̀rọ á sì máa gbóná ju bó ti yẹ lọ. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 230 V sí lẹ́yìn. Ẹ sì yẹra fún ámpílífáyà tí wọ́n ń pè ní Class A. Ó lè máa jẹ wáàtì 300 láìtíì kọrin. Wákàtí 5 jẹ́ 1.5 kWh, bẹ́ẹ̀ bátìrì 12 V, 200 Ah kan kò ju 2.4 lọ, bí kì í bá sì í ṣe lithium, ìdajì rẹ̀ ló yẹ ká lò. Class D, irú ámpílífáyà mìíràn, kì í jẹ ju wáàtì díẹ̀ lọ bí kò bá síṣẹ́. Kí inverter jẹ́ pure sine wave, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa kùn nínú sípíkà. Ẹ fi stábílásà sí i, kí àyè tó sẹ̀ǹtímítà 15 sì wà lókè ámpílífáyà fún ooru.

Wáyà sípíkà onírin bàbà tó jẹ́ 2.5 mm² tó fún mítà 5. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀: bó bá funfun nínú, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni.

Bí ẹ bá ń dán sípíkà wò, ẹ gbé orin tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ń wú tí ti àárín ń rì, oríkì náà kò ní yé yín mọ́: bóyá yàrá ni o, bóyá sípíkà ni, ẹ má sanwó títí ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́.

Ohun tí àbúrò yín lè rà lónìí ni máíkì ìwọ̀n bíi UMIK-1 ti miniDSP, tí kò tó dọ́là 150. USB ló ń lò, ọ̀rọ̀ fóltì kò kàn án. Room EQ Wizard, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yá sípíkà kan, kí ẹ wọn pálọ̀ náà láti 20 sí 200 Hz lórí àga yín, kí ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó san owó sípíkà.