Ṣé ìdùnnú nìkan ló yẹ kí èèyàn máa lé kiri láyé?

Rárá o. Ìdùnnú dára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tutù: ohun tuntun tó ń wú wa lórí lónìí, tó bá fi máa di oṣù mélòó kan, yóò ti mọ́ wa lára. Ìgbé ayé tó nítumọ̀ yàtọ̀, torí ó lè wà kódà lọ́jọ́ tí inú ẹni kò dùn rárá. Ẹ wo òbí tó ń ṣàìsùn nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Inú rẹ̀ bàjẹ́ lóru yẹn, síbẹ̀ kò ní sọ pé asán lòun ń ṣe.

Nínú ìwádìí tí Roy Baumeister, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2013, wọ́n rí i pé ìdùnnú so mọ́ rírí gbà, ìtumọ̀ sì so mọ́ fífúnni. Àwọn tí ayé wọn nítumọ̀ tilẹ̀ máa ń ní àníyàn púpọ̀. Ìyẹn tù mí nínú gan-an.

Viktor Frankl, dókítà àrùn ọpọlọ ọmọ Austria tó la àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì (ìjọba Hitler ní Jámánì) kọjá, sọ pé ọ̀nà mẹ́ta la fi ń rí ìtumọ̀: iṣẹ́ tí a ṣe, ẹni tàbí ohun tí a fẹ́ràn dénú, àti ọwọ́ tí a fi mú ìyà tí kò ṣeé yẹ̀. Ẹ kíyè sí “tí kò ṣeé yẹ̀” yẹn o. Ìyà tó bá ṣeé mú kúrò, ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò.

Tí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ara yín pé: ta ló nílò mi báyìí?